Iná, Òjìji àti Wáyà: Àyẹ̀wò Ọnà Inú Ilé Adìyẹ Yíyan àti Ọtí Sáké ní Ilẹ̀ Jàpáànù

1.0 Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé ni ọnà inú ilé kan tí àwọn lámèyítọ́ kì í sábà kà sí ọnà, èyíinì ni ilé adìyẹ yíyan àti ọtí sáké tí ó pọ̀ káàkiri àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Jàpáànù. Yakitori ni àwọn ará Jàpáànù ń pe adìyẹ náà: yaki ni yíyan, tori sì ni ẹyẹ tàbí adìyẹ. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń gé ẹran náà, wọ́n á gún un mọ́ igi oparun tín-ín-rín, wọ́n á sì yan án lórí ẹyin iná. Sáké ni ọtí ìrẹsì tí ó máa ń bá a rìn. Nítorí oúnjẹ àti ọtí yìí ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà. Bí ó ti wù kí ògiri rẹ̀ dára tó, bí ẹran bá jóná tí ọtí sì kan, ilé náà ti ṣòfò.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Òṣùwọ̀n wo ni ó yẹ kí lámèyítọ́ fi wọn ẹwà inú irú ilé bẹ́ẹ̀? Òṣùwọ̀n méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni òṣùwọ̀n òjìji àti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ó gbà pé igi tí ó ti dúdú, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì àti ògiri tí èéfín ti kùn ni ẹwà Jàpáànù. Èkejì ni òṣùwọ̀n ohun tuntun, èyí tí ó ń yin ayàwòrán-ilé nítorí pé ó ṣe ohun tí ojú kò rí rí. Èrò tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n méjèèjì kò tó, nítorí pé ojú nìkan ni wọ́n ń lò. Iṣẹ́ tí ń lọ nínú ilé ni ó yẹ kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n: ibi tí iná wà, ibi tí ọwọ́ alásè lè dé, ibi tí èéfín ń gbà jáde, àti bí ẹni tí ó jókòó ṣe súnmọ́ ẹnìkejì rẹ̀ tó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹwà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òtítọ́ nípa ènìyàn, ó lè jẹ́ òtítọ́ nípa ilé pẹ̀lú, nítorí pé ìwà ilé ni ohun tí ilé ń ṣe fún àwọn tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tó àríyànjiyàn, nítorí pé àwọn òpópó tóóró tí a bí ilé wọ̀nyí sí ń dínkù. Iná ń jó wọn, owó ilẹ̀ ń gòkè, ilé gogoro sì ń dìde níbi tí wọ́n wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bò wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú wọn tí ó tọ́ sí ààbò. Lámèyítọ́ tí kò bá lè sọ èyí, ìyìn tàbí ẹ̀gàn rẹ̀ kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

2.0 Ìtàn ní ṣókí

Adìyẹ kì í ṣe ẹran mẹ̀kúnnù ní Jàpáànù nígbà àtijọ́. Ó wọ́n, àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá ni ó sì ń tà á dáadáa. Fún àwọn tí owó wọn kò tó, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti àwọn ohun inú ẹran mìíràn, títí kan ti ẹlẹ́dẹ̀, ni àwọn olùtà ẹ̀bá ọ̀nà ń gún mọ́ igi tí wọ́n ń yan. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, ebi mú púpọ̀ ní ìlú Tókíò. Ọjà tí òfin kò fọwọ́ sí dìde ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin, nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni búkà ẹran yíyan sì ti gbilẹ̀. Omoide Yokochō tí ó wà ní Shinjuku àti Harmonica Yokochō tí ó wà ní Kichijōji jẹ́ méjì lára àwọn òpópó tí ó ti inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ jáde tí wọ́n sì wà títí di òní. Nítorí pé ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí ó tò tẹ̀lé ara wọn jọ ihò ara fèrè hamóníkà ni wọ́n ṣe pe èkejì ní orúkọ rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960 ni oko adìyẹ àgíríìkì gbilẹ̀ ní Jàpáànù, tí owó adìyẹ sì wálẹ̀. Láti ìgbà náà ni adìyẹ gan-an ti di oúnjẹ òṣìṣẹ́ tí ó bá jáde ní ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí ilé wọ̀nyí rí wọ̀ sí ni ibi tí ẹlòmíràn kò fẹ́. Ní Yūrakuchō, abẹ́ afárá bíríkì tí ọkọ̀ ojú irin ń gba orí rẹ̀ kọjá, èyí tí wọ́n ti kọ́ parí ní 1910, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe ilé. Àjà wọn rí roboto nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ afárá rí. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ife a máa gbọ̀n lórí tábìlì.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún lámèyítọ́. Fífún tí àyè fún, ṣíṣókùnkùn tí ibẹ̀ ṣókùnkùn, ìfarakanra àwọn tí ó jókòó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni yàn nítorí ẹwà. Àìní ni ó yàn wọ́n. Lẹ́yìn tí ojú ti mọ́ wọn ni wọ́n tó di ẹwà. Ẹni tí ó bá wá mú wọn gẹ́gẹ́ bí òfin ọnà láìwo ohun tí ó bí wọn ń fi ewé sílẹ̀, ó ń jẹ àpò ìyá rẹ̀ ni.

3.0 Ètò inú ilé àti iṣẹ́ rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti òde, àtùpà pupa tí wọ́n fi bébà ṣe ni yóò kọ́kọ́ rí. Akachōchin ni orúkọ rẹ̀. Ó ti mọ́ àwọn ará ìlú lára débi pé orúkọ àtùpà náà ti di orúkọ ilé ọtí olówó pọ́ọ́kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn àtùpà ni noren, aṣọ kúkúrú tí wọ́n là ní àárín, tí wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti gbé e kọ́, ilé ti ṣí. Bí wọ́n bá ká a wọlé, ọjà ti parí. Aṣọ yìí ń bo ojú ẹni tí ó jókòó, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. Ẹni tí ń kọjá lọ yóò mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tí ó jẹ́. Ẹni tí ń wọlé náà ní láti rẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ohun ọ̀ṣọ́ ni àtùpà àti aṣọ yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ wọn.

Nínú ilé, ààrò ni ọba. Ààrò náà gùn, kò sì fẹ̀. Igi oparun tí ó gún ẹran kò gbọdọ̀ jó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ kí fífẹ̀ ààrò mọ níwọ̀n ẹran tí ó wà lórí igi, kí ìdí igi lè yọ síta iná, kí alásè sì lè máa fi ìka yí i. Èédú tí àwọn ilé tí ó gbajúmọ̀ ń lò ni binchōtan, èédú funfun tí wọ́n ń fi igi ubame ṣe ní agbègbè Kishū, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Wakayama lónìí. Orúkọ oníṣòwò kan ní ìlú Tanabe, Bitchūya Chōzaemon, ni wọ́n gé kúrú tí ó fi di orúkọ èédú náà. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan lu èkejì, a máa dún bí irin. Ó ń gbóná gidigidi, kì í sì í rú èéfín púpọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rá tí ó bá kán sórí rẹ̀ ni ó ń rú èéfín, èéfín yìí ni ó sì ń fún adìyẹ ní òórùn tí àwọn ènìyàn torí rẹ̀ wá.

Bí ààrò ṣe gùn ni ó fà á tí káńtà fi gùn. Alásè kò lè kúrò nídìí iná, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó wà láàárín ẹran tí ó jinná àti ẹran tí ó jóná. Ẹran náà kò sì gbọdọ̀ tutù kí ó tó dé ẹnu. Nítorí náà ni ẹni tí ń jẹ ṣe gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ alásè lè dé. Wọ́n tò wọ́n sí iwájú ààrò ní ìlà kan, wọ́n sì fi pátákó kan là wọ́n láàárín. Abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ kan alásè, igi ẹran wà lọ́wọ́ kejì. Ìkòkò tare, ọbẹ̀ dídùn tí wọ́n fi omi sóyà, sáké, ọtí dídùn mirin àti ṣúgà sè, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ń ti ẹran bọ̀ ọ́. Iyọ̀ wà nítòsí fún ẹni tí kò fẹ́ ọbẹ̀. Gbogbo ìdáná ni ó wà ní gbangba. Ẹni tí ó jókòó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ rẹ̀, kò sì sí ohun tí alásè lè fi pamọ́ fún un.

Ọtí náà ní ètò tirẹ̀. Ìgò ńlá rẹ̀ ń gba lítà 1.8. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi tà á, tí ń jẹ́ gō, tó nǹkan bí mílílítà 180, àpótí kékeré onígun mẹ́rin tí ń jẹ́ masu ni wọ́n sì ń fi wọ̀n ọ́n nígbà àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi wọn ìrẹsì. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n á gbé ife sínú àpótí náà, wọ́n á sì da ọtí kún ife títí yóò fi ṣàn sínú àpótí. Èyí ni ọ̀nà tí onílé fi ń sọ láìlanu pé òun kò ṣahun. Àwọn ìgò tí wọ́n tò sára ògiri, pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí lẹ́yọ lẹ́yọ, ni ó máa ń jẹ́ ọ̀ṣọ́ ògiri. Ọjà ni wọ́n, ìwé ìpolówó ọjà sì ni wọ́n pẹ̀lú.

Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí yàrá tíì ilẹ̀ Jàpáànù. Wọ́n yin Tai-an tí ó wà ní Yamazaki, èyí tí wọ́n gbà pé Sen no Rikyū (1522–1591) ni ó gbé e kalẹ̀, nítorí pé inú yàrá tí kò ju ẹní tatami méjì lọ, èyí tí kò tó mítà 2 níbùú lóòró, ni ó kó gbogbo ayé sí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré débi pé ìjòyè àti tálákà ni ó ní láti rá wọlé. Bí kíkéré, ìtẹríba àti ìsúnmọ́ra bá jẹ́ ẹwà nínú yàrá tíì, ó ṣòro láti rí ìdí tí wọn kò fi jẹ́ ẹwà nínú búkà adìyẹ. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọgbọ́n ni ó mú Rikyū yan tirẹ̀, àìní sì ni ó mú oníbúkà. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fi ìdí tí nǹkan fi wáyé ṣe ìdájọ́ ohun tí ó dà.

4.0 Òṣùwọ̀n òjìji

Ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n òjìji kalẹ̀ jùlọ ni òǹkọ̀wé Tanizaki Jun'ichirō (1886–1965). Ní 1933 sí 1934 ni ó tẹ àròkọ rẹ̀ In'ei Raisan jáde, àkọlé tí ènìyàn lè pè ní Oríkì Òjìji ní èdè Yorùbá. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1977, ó di ohun tí àwọn ayàwòrán-ilé káàkiri ayé ń kà. Èrò Tanizaki ni pé inú òkùnkùn ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣe àwọn ohun èlò wọn, nítorí náà inú òkùnkùn nìkan ni ẹwà wọn ti lè hàn. Ó mú ilé oúnjẹ kan ní Kyoto ṣe àpẹẹrẹ, Waranjiya ni orúkọ rẹ̀. Àbẹ́là ni ilé náà ń tàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Tanizaki padà débẹ̀, ó bá iná mànàmáná tí wọ́n ṣe ní àwòrán àtùpà, nítorí pé àwọn oníbàárà ti ń ráhùn òkùnkùn. Ó ní kí wọ́n bá òun tan àbẹ́là, nígbà náà ni ó tó rí bí àwo tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú ṣe dára tó.

Àkíyèsí yìí jinlẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣòro dé nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ilé oúnjẹ. Inú yàrá tí a ti ya ìdáná sọ́tọ̀ ni àwo dúdú Tanizaki wà. Òun kò rí iná tí ó se oúnjẹ náà, kò rí ọwọ́ tí ó sè é. Òkùnkùn rẹ̀ jẹ́ òkùnkùn ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá. Nínú ilé adìyẹ yíyan, iná wà ní iwájú gbogbo ènìyàn. Alásè gbọ́dọ̀ rí àwọ̀ ẹran kí ó tó yí i. Bí wọ́n bá wá sọ ilé náà di bàìbàì nítorí kí ó lè jọ ohun àtijọ́, wọ́n ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ alásè, ojú rẹ̀.

Ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti burú jù ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe ògbólógbòó tuntun. Shin-Yokohama ní ilé àfihàn ráméènì kan tí ó ṣí ní 1994, níbi tí wọ́n ti tún àdúgbò Tókíò ti ọdún 1958 kọ́ sí abẹ́ ilẹ̀, pẹ̀lú ògiri tí wọ́n kùn kí ó lè jọ ohun tí ó ti gbó àti ojú ọ̀run tí ó wà ní àṣálẹ́ nígbà gbogbo. Ilé àfihàn ni, kò sì pe ara rẹ̀ ní ohun mìíràn. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé adìyẹ yíyan tuntun ni ó ti gba ọ̀nà yẹn láìsọ. Wọ́n ń ra pátákó ìpolówó tí ó ti pàwọ̀dà, wọ́n ń fi ọ̀dà dúdú kun igi kí ó lè dàbí igi tí èéfín ti kùn. Èéfín tí wọ́n rà lọ́jà yàtọ̀ sí èéfín tí iná rú. Àwọ̀ dúdú ara ògiri ilé àtijọ́ ń ròyìn iṣẹ́ ogójì ọdún. Àwọ̀ dúdú ara ògiri ilé tuntun ń ròyìn owó tí wọ́n san fún akunlé.

5.0 Wáyà Tetchan

Ilé tí ó dojú ìjà kọ àṣà yìí jùlọ ni Tetchan, ilé adìyẹ yíyan kan nínú Harmonica Yokochō ní Kichijōji, tí ilé iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Kuma Kengo ṣe ọnà inú rẹ̀ ní 2014. Kuma, tí a bí ní 1954, gbajúmọ̀ nítorí iṣẹ́ igi. Òun wà lára àwọn tí ó yàwòrán pápá ìṣeré ìjọba ní Tókíò tí wọ́n parí ní 2019. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n mọ igi yóò retí pé igi ni yóò lò. Kò lò ó bẹ́ẹ̀. Wáyà LAN àlòkù, èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ara wọn ní ọ́fíìsì, ni ó kó jọ, aláwọ̀ mèremère, tí ó sì fi bo ògiri àti àjà jìngbìnnì bí irun. Akírílíìkì àlòkù tí wọ́n yọ́ ni ó tún lò pẹ̀lú rẹ̀ fún àwọn ohun èlò inú ilé.

Àwọn tí ń lo òṣùwọ̀n òjìji yóò ní ó ti ba ilé jẹ́. Àwọn tí ń lo òṣùwọ̀n ohun tuntun yóò ní ó ti ṣe ohun ńlá. Ìdájọ́ méjèèjì yá jù. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n kíyèsí wà nínú ìwé Tanizaki fúnra rẹ̀. Wàhálà wáyà ni ó fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀: bí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé ní ìlànà Jàpáànù ṣe ń forí ṣe fọrùn ṣe láti fi wáyà iná mànàmáná, páìpù gáàsì àti ti omi pamọ́ kí wọ́n má ba ba yàrá jẹ́. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí Tanizaki fẹ́ kó pamọ́ sẹ́yìn ògiri ni Kuma fà jáde tí ó fi ṣe ògiri. Tetchan jẹ́ èsì sí Oríkì Òjìji, yálà ayàwòrán-ilé náà ní in lọ́kàn tàbí kò ní in. Ohun tí ó ń sọ ni pé ilé òde òní ní ìfun, ìfun náà kì í sì í ṣe ohun ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ ìfun yìí ni ó mú ọnà náà bá ibi tí ó wà mu. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ó bí àwọn òpópó wọ̀nyí: ìfun ẹran tí olówó kò jẹ, pátákó àfọ́kù, ẹrù tí wọ́n rí kó lẹ́yìn ogun. Ṣíṣa ohun àṣẹ́kù jọ kí ó di oúnjẹ àti ilé ni ìwà wọn. Wáyà àlòkù jẹ́ àṣẹ́kù ìgbà tiwa, ìfun ọ́fíìsì tí wọ́n ti kó jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lo ọjọ́ wọn nídìí wáyà náà ni wọ́n ń wá jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nípa báyìí, Tetchan súnmọ́ ìwà òpópó àtijọ́ ju ilé tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn lọ. Kò dà bí baba rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ìwà baba ni ó ń hù.

Ohun kejì tí ó yẹ fún ìyìn ni pé Kuma kò fẹ àyè náà. Ilé náà ṣì fún, àwọn oníbàárà ṣì ń fi èjìká kan èjìká. Nínú ìwé rẹ̀ Makeru Kenchiku tí ó jáde ní 2004, Kuma ti jiyàn pé ó yẹ kí ilé gbà kí àyíká borí òun dípò kí ó máa gbéraga lé e lórí. Ní ti ìwọ̀n, ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ níhìn-ín. Òpópó náà ni ó borí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi iṣẹ́ wọn ilé náà, àléébù hàn. Wáyà náà ti ṣiṣẹ́ rí, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Kò gbé iná wá, kò dá èéfín dúró, kò tọ́ka sí ibi tí ènìyàn yóò jókòó. Aṣọ ẹnu ọ̀nà ń sọ pé ilé ti ṣí. Ìgò ara ògiri ń sọ ohun tí ó wà fún títà. Wáyà ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nìkan. Ìbéèrè èéfín sì tún wà níbẹ̀. Nínú ilé ẹran yíyan, ohun tí ó bá ní irun yóò gba ọ̀rá àti èéfín mọ́ra. Èéfín a máa mú kí igi dán, nítorí pé wọ́n ń nù ún lójoojúmọ́, ọwọ́ àti aṣọ ìnulé sì ń sọ ọ́ di ohun àgbà. Kò sí ẹni tí ó lè nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun èlò tí ọjọ́ pípẹ́ kò lè bùkún ẹwà rẹ̀ kò yẹ ní ẹ̀gbẹ́ iná. Níbi yìí ni ọgbọ́n àwọn àgbà oníbúkà, tí wọn kò ka ìwé ọnà kankan, ti ju ọgbọ́n ayàwòrán-ilé lọ.

Àléébù kẹta jẹ́ ti orúkọ. Nígbà tí oníbúkà bá fi àṣẹ́kù kọ́lé, àìní ni ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ayàwòrán-ilé tí gbogbo ayé mọ̀ bá fi àṣẹ́kù kọ́lé, àṣẹ́kù náà di àmì ọlá. Kì í ṣe ẹ̀bi Kuma nìkan. Adìyẹ yíyan fúnra rẹ̀ ti gòkè: ìwé atọ́nà Michelin ti Tókíò, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2007, ti fún àwọn ilé adìyẹ yíyan ní ìràwọ̀. Bí oúnjẹ mẹ̀kúnnù bá ti di oúnjẹ ọlọ́lá, ó yẹ kí lámèyítọ́ máa bi ọnà ilé léèrè pé àwọn wo ni ó ń pè wọlé, àwọn wo ni ó sì ń lé sẹ́yìn.

6.0 Ilé tí kò ní ọwọ́ mọ́

Àpẹẹrẹ kan tí ó jìnnà díẹ̀ sí adìyẹ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ti káńtà náà, yóò ṣe ìrànwọ́. Ní 1988 ni Kuramata Shirō (1934–1991) ṣe ọnà inú ilé sushi kan tí ń jẹ́ Kiyotomo ní Shimbashi, Tókíò. Lẹ́yìn tí ilé náà ti kógbá sílé, ilé àkójọ ọnà M+ ní Hong Kong rà á ní 2014, wọ́n tú u, wọ́n kó o kúrò ní Tókíò, wọ́n sì tò ó padà nínú ilé wọn tí ó ṣí fún àwọn ènìyàn ní 2021. Káńtà wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, òkúta àti igi rẹ̀ pé. Bí kò bá sí ọgbọ́n yìí, iṣẹ́ ńlá náà ì bá ti parẹ́, nítorí náà ọpẹ́ ni fún àwọn tí ó gbà á là.

Síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́kù náà ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tí ó lọ. Káńtà jẹ́ pátákó tí ọwọ́ méjì ń pàdé lórí rẹ̀, ọwọ́ tí ń fúnni àti ọwọ́ tí ń gbà. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ti kúrò, pátákó ni ó kù. Ilé Kuramata fara da èyí ju bí ilé adìyẹ yíyan yóò ṣe fara dà á lọ, nítorí pé sushi kò nílò iná. Bí wọ́n bá gbé ilé adìyẹ yíyan lọ sí ilé àkójọ, tí kò sí ẹyin iná, tí kò sí ọ̀rá tí ń kán, tí kò sí abẹ̀bẹ̀ tí ń fẹ́, àwọ̀ dúdú ara àjà rẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ́rìí pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹ̀rí ni yóò jẹ́, kò ní jẹ́ ilé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, iná jó apá kan Omoide Yokochō. Wọ́n tún un kọ́, àwọn alásè padà sídìí ààrò, òpópó náà sì ń bá a lọ. Àwọn igi tí ó jóná kò padà wá, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ọdún pípẹ́ tí ó wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ààrò tún gùn bí ti tẹ́lẹ̀, káńtà tún wà ní iwájú rẹ̀, ọwọ́ alásè sì tún dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òpópó náà ti kú. Èyí fi hàn pé ètò ni ẹ̀mí rẹ̀, àwọ̀ kọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé inú ilé adìyẹ yíyan àti ọtí sáké ilẹ̀ Jàpáànù tọ́ sí iṣẹ́ lámèyítọ́, àti pé òṣùwọ̀n tí ó bá a mu ni iṣẹ́ tí ń lọ nínú rẹ̀. Ìtàn fi hàn pé àìní ni ó ṣètò ilé náà, ààrò ni ó sì yọrí sí káńtà. Òṣùwọ̀n òjìji Tanizaki ràn wá lọ́wọ́ láti rí ẹwà àwo, ṣùgbọ́n ó fọ́jú sí ìdáná. Òṣùwọ̀n ohun tuntun lè yin wáyà Tetchan, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí wáyà náà fi bá òpópó mu tí kò sì bá iná mu. Òṣùwọ̀n iṣẹ́ lè sọ méjèèjì.

Ẹnìkan lè jiyàn pé bí iṣẹ́ bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ọ̀ṣọ́ kò ní àyè mọ́. Àtùpà pupa àti aṣọ ẹnu ọ̀nà ti dáhùn. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì lè mú wọn kúrò láìmú apá kan iṣẹ́ ilé náà kúrò. Ẹlòmíràn lè ní ilé tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè burẹ́wà síbẹ̀. Òótọ́ ni, iná tí ó wà níbi tí ó yẹ kò tíì sọ ilé di arẹwà. Ṣùgbọ́n ilé tí iná kò bá sí níbi tí ó yẹ kò ní ohun tí ẹwà rẹ̀ yóò dúró lé.

Fún àwọn tí ń ronú nípa bí wọn yóò ṣe dá òpópó wọ̀nyí sí, ìmọ̀ràn tí ó ti inú àyẹ̀wò yìí jáde rọrùn. Kí wọ́n dá gígùn ààrò sí, kí wọ́n dá ìsúnmọ́ra káńtà sí, kí wọ́n dá owó oúnjẹ sí níbi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè dé. Bí wọ́n bá ṣe èyí, ògiri lè jẹ́ igi, ó lè jẹ́ bíríkì, ó tilẹ̀ lè jẹ́ wáyà. Èéfín yóò kùn ún bí ó bá yá.